Wákàtí Mẹ́rin fún Ọkọ̀ Funfun

Nígbà tí agogo ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n sọ di ibùdó ọmọ ogun àti ilé ìwòsàn lu méjìlá ọ̀sán, ìbọn dákẹ́ lórí òkè. Ó ti tó ọjọ́ mọ́kàndínlógójì tí ogun ti dó ti ìlú náà, etí kò sì tíì sinmi rí láti ọjọ́ náà. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí ba àwọn ará ìlú lẹ́rù ju ariwo lọ.

Àdéhùn wà nílẹ̀, àwọn ọ̀tá sì ti fọwọ́ sí i. Láti agogo méjìlá títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n kùn ní funfun látòkè délẹ̀, lè gba orí afárá kọjá, kó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ sí àgọ́ ìtọ́jú lódìkejì odò. Bí agogo mẹ́rin bá lù, wọn yóò ti afárá, ìbọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó fara gbọgbẹ́ jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ náà gba ènìyàn mẹ́rìndínlógún lórí ìdùbúlẹ̀. Lílọ gba wákàtí kan, nítorí ọ̀nà ti di kòtò. Àbọ̀ gba wákàtí kan pẹ̀lú. Ọmọdé tó mọ ìka ọwọ́ rẹ̀ í kà lè ṣe ìṣirò ọ̀hún: bí ọkọ̀ náà kò bá kúrò nílẹ̀ kí agogo kan tó lù, ìrìn ẹ̀ẹ̀kejì kò sí mọ́ nìyẹn.

Agogo méjìlá lù, Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ náà wí pé "kẹ́," ó sì dákẹ́.

Ó tún un yí. "Kẹ́."

Ọkọ̀ ológun àlòkù ni. Orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà ló fi jagun tirẹ̀ tán, tó wá kó o sí gbàgede pẹ̀lú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, tí wọ́n ń tà wọ́n bí ẹni ń ta ìgò òfìfo. Ìlú rà á kí ogun tó dé, wọ́n fẹ́ máa fi ru òkúta. Àwo irin tó wà níwájú awakọ̀ kún fún ìkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ inú rẹ̀: obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti ń ṣe iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí gbogbo ìlú sì ń pè ní Rewáyà. Awakọ̀ tó jókòó níwájú yẹn, ọmọ ìyá rẹ̀ ni, àbíkẹ́yìn, tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn.

Kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí Rewáyà, wọ́n kọ́kọ́ ti ọkọ̀ náà. Ogún ọkùnrin ni, tí wọn kò fi nǹkan kan ẹnu láti ìjẹta. Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ náà lọ sísàlẹ̀, ẹnubodè rẹ̀ wà lókè. Ọkọ̀ náà gòkè díẹ̀, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó sì yí padà sẹ́yìn. Ó fọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Báyìí ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe di méjìlélọ́gbọ̀n.

Ọ̀gágun pe ìgbìmọ̀ sínú yàrá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ènìyàn tín-ín-rín ni, ohùn rẹ̀ kò ga rí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti fi ọgọ́ta ènìyàn di afárá mú fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń pè é ní Àpáta. Ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́ a kọ́kọ́ kí i, "Àpáta, ògbàgbà ọjọ́ ìjà!" Lọ́jọ́ náà, ó gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n tó kí i tán.

"Ẹ jẹ́ kí oríkì sinmi. Kí ló ṣe ọkọ̀?"

Igbákejì rẹ̀ ló dáhùn. Olùkọ́ ìṣirò ni nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí kan náà kí ogun tó dé, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni dúró níwájú pátákó.

"Lánàá, ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Lónìí, kò ṣiṣẹ́. Ta ló sùn sínú rẹ̀ mọ́jú? Awakọ̀. Níbo ni ìyàwó Awakọ̀ wà? Lódìkejì odò, láàárín àwọn ọ̀tá. Ẹ ṣírò ó fúnra yín."

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ó dáadáa," ni Rewáyà wí láti ẹnu ọ̀nà, àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lódìkejì odò, ṣé ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e débẹ̀ ló máa bà jẹ́?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Igbákejì kò rẹ́rìn-ín.

"Bí ìlú bá ṣubú, ìyàwó á wá bá a nílé, kò nílò ọkọ̀. Ìyá Rewáyà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ta là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù? Ọmọ ìyá yín ni."

"Ọmọ ìyá mi ni. Bó bá jẹ́ òun ló ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, èmi ni màá fọwọ́ ara mi fà á wá fún yín."

"Ẹ búra."

Ó yọ púláyà nínú àpótí, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. "Irin yìí ló bọ́ mi, òun ló bọ́ àwọn ọmọ mi. Bí mo bá rí òótọ́ lára ọkọ̀ yẹn tí mo gbé e pamọ́, kí irin má bọ́ mi mọ́, kí ojú tí mo fi ń wá wáyà fọ́."

"Ẹ ti búra tán?" Nọ́ọ̀sì ni, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. "Ẹ̀ ń rojọ́, èèyàn ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wo agogo."

Agogo méjìlá ti kọjá pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú.

"Ìyá Rewáyà, ẹ lọ wò ó," ni Àpáta wí. "Igbákejì á dúró tì yín. Bó bá jẹ́ ọwọ́ Awakọ̀ ló bà á jẹ́, ògiri ló ń lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìdí ọkọ̀ ló ń padà sí."

Gbogbo wọn ló mọ ògiri tó ń wí. Ẹ̀yìn ilé ìkówèésí ni. Wọ́n ti yìnbọn pa ènìyàn méjì níbẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti dó tì wọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbabẹ̀ kọjá mọ́.

Wọ́n ti so Awakọ̀ mọ́ òpó àsíá nínú àgbàlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, bí ẹni tó kàn yà kí i ní ṣọ́ọ̀bù.

"Dákẹ́. Kí lo gbọ́ nígbà tó o yí i?"

"Kẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Iná tó wà níwájú mi sì ṣú."

"Ó ṣú ni àbí ó kú?"

"Ó ṣú ni. Bí ojú ẹni tí oorun ń kùn."

Rewáyà mi orí. Mítà tí ì bá fi wọn iná ti fọ́ lọ́jọ́ tí ọta àgbá bọ́ lu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ohun tó kù kò ju gílóòbù ọkọ̀ ńlá kan, tó so mọ́ wáyà gígùn méjì. Bí gílóòbù náà bá jó, ìwádìí parí, nítorí òmíràn kò sí ní gbogbo ìlú. Ó kan wáyà kan mọ́ orí bátìrì, ó kan èkejì mọ́ ìdí rẹ̀. Bátìrì méjì ló ń bọ́ ọkọ̀ ológun náà, wọ́n so ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì. Gílóòbù funfun báláú.

"Bátìrì kò lẹ́bi," ó wí. Kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò bó bá ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ Igbákejì kò dúró tì í lásán. Ó ti tẹ orí bọ abẹ́ pátákó iwájú ọkọ̀, níbi tí wáyà dì pọ̀ bí ìfun ẹran, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá. Lójijì ó ké. Nígbà tó fa ọwọ́ jáde, wáyà pupa kan wà láàárín ìka rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e mọ́ bí èékánná.

"Ọ̀bẹ ló gé èyí, Ìyá Rewáyà. Ṣé eku ni ẹ máa pè é?"

 Rewáyà gba wáyà náà, ó wò ó. Ọ̀bẹ ni lóòótọ́. Àwọn ọmọ ogun tó wà nítòsí ti ń gbé ìbọn wọn sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó yíjú sí òpó àsíá.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni," ni àbúrò rẹ̀ wí.



"Ìgbà wo?"

"Lálẹ́ ọjọ́ tá a gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ àwọn ọ̀tá kọjá láìtan iná. Bí mo bá tẹ búréèkì, iná pupa á tàn lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á rí wa. Ogójì èèyàn ni mo gbé. Mo fà á, mo gé e."

"Kí ló dé tó ò wí?"

"Ta ló bi mí?"

Ì bá gbá a létí bí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ibẹ̀. Dípò ìyẹn, ó wọ́ wáyà náà dé ibi tó ti já, ó lọ́ ojú méjèèjì pọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì. "Ẹ lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀!"

Ọmọ ogun kan sáré lọ. "Ó tàn! Ṣùgbọ́n ìyá, wọ́n ti fi ọ̀dà kun ojú iná náà gan-an. Ó ń wò wá fírífírí bí ẹni tí ojú ń dùn."

Rewáyà yí kọ́kọ́rọ́. "Kẹ́." "Ṣé ẹ ti rí i?" ó wí fún Igbákejì. "Wáyà búréèkì ni. Mo ti so ó, ọkọ̀ kò tíì ṣí. Kò kan ọ̀rọ̀ tá a wá."

"Ó jẹ́wọ́ pé òun gé wáyà ọkọ̀ ogun láìgbàṣẹ. Ẹni tó gé ọ̀kan lè gé méjì. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun ni ká padà sí."

Wọ́n padà. Wọ́n tú Awakọ̀, wọ́n fà á wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n yìnbọn pa á, kí wọ́n tó máa wá ohun tó ṣe ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi èjìká gbé àwọn aláìsàn lọ, Nọ́ọ̀sì sì bi í léèrè bóyá èjìká rẹ̀ gan-an lè gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ dé ẹnubodè. Rewáyà dúró, epo dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ agogo tó ń gun òkè. Gbogbo ẹnu tó ń ṣí níbẹ̀, ìṣẹ́jú ló ń jẹ.

Àpáta jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Mo wà nínú ọkọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rí i pé iná pupa kò tàn. Mo rò pé orí wa ló gbà wá." Ó yíjú sí Awakọ̀. "Wáyà yẹn ti kúrò nínú ẹjọ́. Ìwọ fúnra rẹ kò tíì kúrò. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Kò tíì pa ẹnu dé tí agogo lu ẹyọ kan.

Nọ́ọ̀sì fara ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

Ó ku ìrìn ẹyọ kan. Èyí náà á lọ bí wọn kò bá tètè rí ohun tó ṣe ọkọ̀. Rewáyà tẹ́ àpò sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, Igbákejì sì fi ìkúnlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó mú gílóòbù rẹ̀. Ó kan wáyà kan mọ́ orí bátìrì, ó kan èkejì mọ́ ara sítátà, ẹ̀rọ kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnnì ńlá. Gílóòbù náà pọ́n bí ẹyín iná tó ń kú lọ. Ó gbé wáyà èkejì padà sí ìdí bátìrì: ó funfun báláú. Ó tún gbé e sára irin ọkọ̀: ó pọ́n.

"Kí lèyí?" ni Igbákejì bi í. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Iná máa ń ti inú bátìrì jáde, á gba inú wáyà lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀, á sì gba ara irin ọkọ̀ padà wálé. Bí kò bá rí ọ̀nà wálé, kò ní lágbára láti ṣiṣẹ́. Iná yìí ń jáde. Kò rí ọ̀nà wálé."

Ó fi ìka tọ okùn bàbà pẹlẹbẹ tó ti ìdí bátìrì wá, títí dé ibi tí wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ egungun ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ dúró.

Nọ́ọ̀tì náà funfun. Orí okùn náà funfun, abẹ́ rẹ̀ funfun, irin tó jókòó lé náà funfun. Àwọ̀ ewé ológun kò yọjú níbì kankan, ọ̀dà kò kán, búrọ́ọ̀ṣì kò fi àpá sílẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ tó dára bó bá rí i. Iṣẹ́ tó dára ni.

Òun ló sì ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lánàá ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kánjú lọ tún iná yàrá iṣẹ́ abẹ ṣe, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ogun mẹ́rin tó ń kun ọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin gíga tí wọ́n ń pè ní Òpó, ń fi búrọ́ọ̀ṣì yí nọ́ọ̀tì ká, àwọ̀ ewé sì ń yọ lábẹ́ okùn. Rewáyà kò lè rí iṣẹ́ àbọ̀ kó gbójú kúrò. Bó ṣe tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. "Ìwọ," ó wí, "ṣé bí o ṣe ń fọ àwo nílé nìyẹn, tí ò ń fi etí sílẹ̀? Funfun ni wọ́n ní. Tú nọ́ọ̀tì, kun ìdí rẹ̀, kó o dè é padà." Ó yá a ní sípánà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ó ti wo ìdí nọ́ọ̀tì náà bí ìyá ilé ṣe ń wo àwo ìdọ̀tí, kò wò ó bí oníṣẹ́ wáyà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní mọ ìyẹn.

Ó gbójú sókè. Òpó wà láàárín àwọn tó ń ṣọ́ Awakọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti rí ibi tí ìka Rewáyà dúró, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá mú un lọ síbi ògiri, kò jọ ẹni tó máa dárúkọ Rewáyà.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Igbákejì wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti wà lórí ahọ́n Rewáyà: ìpẹtà. Ọkọ̀ àlòkù, irin àtijọ́, ìpẹtà. Ta ló máa já a nírọ́? Àbúrò rẹ̀ á gba òmìnira, ọmọkùnrin gíga yẹn á gba òmìnira, òun náà á sì lọ sùn. Ìbúra nìkan ló wà láàárín rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀dà ni," ó wí. "Wọ́n kun ìdí nọ́ọ̀tì."

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún."

"Ọwọ́ mi ló kùn ún, sà," ni Òpó kígbe lókè.

"Ta ló bi ọ́ léèrè?" ni Rewáyà jágbe mọ́ ọn. "Mú sípánà wá!"

Ó tú nọ́ọ̀tì. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà kúrò lára okùn, ó họ ọ́ kúrò lára irin, títí irin fi ń dán bí eyín. Ó dè é padà, ó fi gbogbo ara rẹ̀ fà á le. Wọ́n tú Awakọ̀ sílẹ̀. Ó gun ọkọ̀, ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì náà sì ké ramúramù, èéfín dúdú gba àgbàlá kan. Kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àpáta ti jáde. Rewáyà dúró níwájú rẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò bẹ̀bẹ̀.

"Mò ń wá ìyà tó yẹ yín," ni Ọ̀gágun wí. "Mi ò rí èyí tó máa wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká kó wọn sọ́kọ̀."

Nọ́ọ̀sì há wọn bí ẹni ń ká aṣọ sínú àpótí. Ó fi àwọn tó lè jókòó sáàárín àwọn tó dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n di ara wọn mú. Wọ́n pé ogún. Kò sí bí ọ̀kan ṣe lè kún un. Ó ku méjìlá.

"Màá sáré," ni Awakọ̀ wí láti ojú fèrèsé ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, màá sáré, màá sì padà wá kó wọn."

"Ogún èèyàn ló wà lẹ́yìn rẹ. Bó o bá sáré nínú kòtò yẹn, òkú lo máa gbé débẹ̀. Máa rọra lọ. Má pa ẹ́ńjìnnì títí o ó fi dé."

"Ẹ̀gbọ́n mi…"

"Kí ìyàwó rẹ fún mi. Máa lọ."

Ọkọ̀ funfun náà gun òkè lọ, ó sì yà. Igbákejì dúró sí ibi tó ti wà. "Ta ló máa sọ fún àwọn tó kù?" ó béèrè, ó ń wo ilẹ̀.  Rewáyà nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Yàrá àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Ìṣirò àwọn ọmọdé ṣì wà lára pátákó. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti lọ, gbórí sókè.

"Ìyá Rewáyà, ó ti kan àwa?"

"Kò ní kàn yín. Kò sí àkókò mọ́. Mo ní kí wọ́n kun ibi tí kò yẹ kí wọ́n kùn, ìyẹn ló da ọkọ̀ dúró. Àṣìṣe mi ni."

 Ẹni tó wà lábẹ́ fèrèsé, tí wọ́n di aṣọ mọ́ lójú méjèèjì, wí pé, "Ẹ jáde."

"Kí ni wọ́n fẹ́ jáde lọ ṣe?" ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ibo ni wọ́n ń lọ tó dára ju ibí lọ? Ìyá, ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó wo fèrèsé mẹ́rin tó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ yàrá náà: òkè tí àgbá wà dojú kọ wọ́n gan-an. Ó wo ọ̀nà inú ilé tó wà lẹ́yìn ògiri kejì, tí kò ní fèrèsé kankan, tí àga àti tábìlì dí pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àga kúrò, kí àyè lè gbà wọ́n níbẹ̀. Nígbà tó padà wá di àkéte àkọ́kọ́ mú, ó wúwo jù fún un. Ẹnì kan di ìdí kejì rẹ̀ mú. Igbákejì ni.  Wọ́n gbé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n padà. Ojú ọgbẹ́ ń ṣí, àwọn tí wọ́n ń gbé ń fi eyín di igbe mú. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan tán, wọ́n á sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹlòmíràn.

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí lu mẹ́rin nígbà tó ku ẹnì kan ṣoṣo lábẹ́ fèrèsé, ẹni tó ní kó jáde. Rewáyà padà wọlé lọ gbé e.